Mówà tí à ń gùn, ₦3,100,000: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ fún pápá mi l'Ọ́bá-Ilé?

Ìyá Ọgbà, Ọ̀bá-Ilé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ríra mówà, ìyẹn ẹ̀rọ agékoríko tí èèyàn ń jókòó lé gùn, wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi dá sí i kí n tó kówó lé e.

Mo ní pápá kan l'Ọ́bá-Ilé, lápá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, tí à ń yá àwọn èèyàn fún ìnáwó. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló rà á nígbà tí gbogbo àdúgbò yẹn ṣì jẹ́ oko kòkó àti ọ̀pẹ. Éékà méjì àbọ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pílọ́ọ̀tì 15 tí a bá fi ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń ṣègbéyàwó níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìkẹyìn òkú, àwọn ìjọ náà ń wá ṣe ìsọjí. Owó ibẹ̀ ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ méjì tó kù ní yunifásítì.

Koríko ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Àkúrẹ́ mọ bí òjò wa ṣe ń ṣe láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Tí wọ́n bá gé e lónìí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti tún dé orúnkún láwọn ibì kan. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ló ń bá wa gé e láti ayé ọkọ mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń po epo bẹntiróòlù àti ẹ́ńjìn ọ́ìlì pọ̀ sínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń gé e, ₦75,000 ni mo sì ń san báyìí, tepo-tepo. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, n kì í san ìdajì iye yẹn.

Owó yẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Ìnáwó á wà ní Sátidé, òjò á wá rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ mọ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá kò ní lè parí iṣẹ́. Bí àwọn àlejò bá dé, nínú koríko tútù ni wọn á ti máa wọ́ léèsì kiri, èèmọ́ á lẹ̀ mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Ó máa ń dùn mí wọra. Ẹni tó sanwó gidi nítorí ọjọ́ ẹ̀yẹ ìyá rẹ̀ kò yẹ kó máa jókòó ṣa èèmọ́ lára aṣọ.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló ní kí n ra mówà tí wọ́n máa ń jókòó lé gùn. Ó ní òun fúnra òun fi ń gé ẹ̀yìnkùlé òun láàárín wákàtí kan, kò sì sí ìgbà tó ń rẹ òun. Mo wádìí iye rẹ̀. Ẹni tó ń kó tuntun wọ Èkó pè é ní ₦6,400,000. Tòkunbọ̀ kan wà ní Àkúrẹ́ níbí, íǹṣì 42 ni fífẹ̀ ibi tó ń gé, agbára ẹṣin 19, ₦3,100,000 ni wọ́n pè é. Mo ti jókòó lé e, mo wà á yí ọgbà ẹni tó ń tà á ká. Ó wù mí gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé owó tó tó báyìí tọ́ sí ẹ̀rọ tí n kò ní fi bẹ́ẹ̀ lò ju oṣù méje lọ nínú ọdún? Ẹ má bá mi sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Bó ṣe máa ń rí lọ́dún kẹta, lọ́dún kẹrin, ni kẹ́ ẹ bá mi sọ.

Mẹkáníìkì Yaba, Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ agékoríko ni mo ń tún ṣe ní Yaba, Oǹdó níbí, iṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń kọ́kọ́ tán èèyàn ní sùúrù lára mówà yìí. Briggs & Stratton ni o, Kohler ni o, Kawasaki ni o, tí ẹ bá ń yí ọ́ìlì rẹ̀ ní bíi wákàtí 50 iṣẹ́ sí ara wọn, tí ẹ sì ń nu fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, á bá yín lò ó pẹ́. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà, nínú àwo irin tí abẹ ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní dẹ́ẹ̀kì. Abẹ méjì ló sábà máa ń wà nínú ti íǹṣì 42, bẹ́líìtì gígùn kan ló sì ń yí wọn. Bẹ̀áríǹgì ọ̀pá tó gbé abẹ kọ̀ọ̀kan dúró ń gbé inú ilé alumíníọ́mù. Ọjọ́ tí abẹ bá gbá kùkùté tàbí òkúta, ilé yẹn ló ń sán. Mo ti tún èyí tó sán kó tó pé oṣù kan lọ́wọ́ ẹni tó rà á ṣe rí.

Bẹ́líìtì yẹn náà, ẹ fojú sí i. Àwọn èèyàn á lọ ra ti mọ́tò lọ́jà, wọ́n á ní bẹ́líìtì ni bẹ́líìtì. Kì í pẹ́ tó fi ń jóná. Lórí mówà, bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ lè yọ̀ kó sì tún fà nígbàkígbà tí ẹ bá tan abẹ tàbí tí ẹ bá pa á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi okùn aramid sínú tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ tí ọta kì í wọ̀. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì lẹ máa fi béèrè rẹ̀ ní Èkó, bí kò bá sí níbẹ̀ ẹ ó dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí koríko ń sáré, ìdúró yẹn kì í rọrùn.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú a ó gbé ti jẹnẹrétọ̀ sí i, ẹ má gbà. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń yọ. Ti mówà yìí dúró lóòró, ìsàlẹ̀ ló ti ń yọ. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì.

Ẹ padà lọ wo tòkunbọ̀ yẹn. Kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, ẹ jókòó lé e lójú kan, ẹ tan abẹ, kí ẹ rọra gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá kú, ẹnì kan ti lọ so wáyà abẹ́ ìjókòó pọ̀ nìyẹn, wáyà yẹn ló sì ń gba ẹsẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ là lọ́wọ́ abẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ẹ wò ó bóyá ó ti dógùn-ún débi tí irin fi ń ṣí bí èèpo. Kí ẹ wá wà á fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé e gun gẹ̀rẹ́. Èyí tí kò ní gíà tí ọwọ́ ń yí, tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló ń tì í lọ, ìgbà tó bá gbóná ni àìlera rẹ̀ ń hàn. Àwọn tó ń tà á mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ wà á pẹ́.

Báwo ni ilẹ̀ yín ṣe rí, mà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà ní tèmi.

Akáńtì Alágbàká

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo bá yín ṣírò rẹ̀, nítorí owó yunifásítì tí ẹ mẹ́nu bà.

Gígé méjì lóṣù fún oṣù méje jẹ́ 14. Ẹ jẹ́ ká fi méjì kún un fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di 16. ₦75,000 lọ́nà 16 jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Ojú èèyàn á kọ́kọ́ wo èyí, á ní tòkunbọ̀ ti dá owó ara rẹ̀ padà kó tó pé ọdún mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí mówà náà ń jẹun.

Éékà méjì àbọ̀ yín, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí i, pẹ̀lú yíyípo igi àti dídúró. Lítà mẹ́rin ní wákàtí kan, ó di lítà 12. Tí a bá pe lítà kan ní ₦1,000, ₦12,000 nìyẹn. Ẹni tó máa wà á, ẹ fún un ní ₦8,000. Mówà kì í sì dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìdí igi, ẹ̀bá gọ́tà, ẹ ṣì máa pe ẹlẹ́rọ èjìká wá fún ìyẹn, ₦20,000 ó kéré tán. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦40,000. Ohun tó ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ nínú gígé kan kò ju ₦35,000 lọ. Lọ́nà 16, ₦560,000. Ẹ wá yọ ọ́ìlì, fílítà, pọ́lọ́ọ̀gì, abẹ, bẹ́líìtì, àti bátìrì tí yóò kú bí ó pẹ́ bí ó yá. Èmi fi ₦160,000 sí i lọ́dún, bóyá mẹkáníìkì wa á ní mo ṣàánú. Ó ku ₦400,000.

₦3,100,000 á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún mẹ́jọ kó tó padà sílé. Tuntun á gba ọdún 16. Ta ló mọ ipò tí tòkunbọ̀ máa wà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ?

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìṣirò yìí fi lè yí padà ni bí pápá tó rẹwà bá ń mú ìnáwó wá sí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀yẹn. Ìnáwó mélòó lẹ pàdánù lọ́dún tó kọjá nítorí koríko? Ẹ má fi ìbànújẹ́ kà á o mà, iye tí ẹ kọ sínú ìwé ni kẹ́ ẹ wò.

Ìyá Ọgbà, Ọ̀bá-Ilé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi.

Mo ṣí ìwé wò. Ẹyọ kan ló yẹ̀ nítorí koríko, ìyẹn ìgbéyàwó kan tí ìyá ìyàwó wá wo ibẹ̀ ní àárín ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn òjò, tó sì gba họ́ọ̀lù kan lọ. Àwọn tó kù ṣàròyé, àmọ́ wọ́n ṣe é.

Ní ti ilẹ̀: láti ẹnu géètì dé ibi tí a ń ta kánópì sí, ó tẹ́jú dáadáa. Ọkọ mi gbé kátapílà síbẹ̀, ó sì gbin koríko bahama sí i, kò ju éékà kan lọ. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò kékeré kan. Kùkùté ọ̀pẹ wà níbẹ̀, àpáta náà sì yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ Àkúrẹ́. Kò sí bahama lẹ́yìn yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ewé Akíntọ́lá, àti patanmọ́ létí omi. Àwọn àlejò kì í dé ibẹ̀, àyàfi àwọn ọmọdé tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, ejò sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí níbẹ̀, ìdí tí mo fi ń gé e nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí nípa bàbá àti ọmọ rẹ̀. N kò fẹ́ lé wọn. Wọ́n gé pápá yẹn fún ìsìnkú ọkọ mi, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Texas

Ìyá wa, ẹ kú àmójútó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́hùn-ún, kó lè yé yín ìdí tí àbúrò ọkọ yín fi ní kẹ́ ẹ rà á. Kò purọ́ fún yín, ibi tó ń gbé ló ń sọ.

Ìgbà tí mo ra ilé níbí, ẹni tó fẹ́ bá mi gé éékà kan béèrè 100 dọ́là, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mówà tí à ń gùn, tuntun, íǹṣì 42, èyí tí kì í ṣe olówó ńlá, bíi 2,000 sí 3,000 dọ́là ni. Ẹ wò ó: gígé 25 péré, ó ti dá 2,500 dọ́là padà. Kò sí kọ́sítọ̀mù, kò sí ọkọ̀ ojú omi, bẹ́líìtì wà ní ìsọ̀ tí kò jìnnà sílé. Lọ́dọ̀ yín, bí epo bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹni tó ń wà á kò gba nǹkan kan, tí kò sì bàjẹ́ rárá, ₦3,100,000 á ṣì gba gígé tó lé ní 41. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti wọ́n, tí ẹ̀rọ sì pọ̀, ni wọ́n ti ṣe é, fún irú ibẹ̀ sì ni.

Gẹ̀rẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ. Ìwé tó máa ń bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé kí a má gùn ún lórí ibi tó bá dagun ju ìwọ̀n dígíríì 15 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ láìní irinṣẹ́, ẹ na okùn ẹsẹ̀ bàtà 10 gbọọrọ láti orí òkè kó tẹ́jú, kí ẹ wá wọn bí ìparí rẹ̀ ṣe ga sí ilẹ̀. Tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ dáadáa, ẹ má gbé e dé ibẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, òkè sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gé e, wọn kì í gé e ní ìbú, torí pé ó lè dojú dé. Dídojúdé wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ń gùn ún jù níbí, pàápàá létí kòtò àti létí omi. Koríko tútù tún ń mú kí táyà yọ̀. Èyí tí ẹ sì ń sọ pé òjò Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ń dí bàbá lọ́wọ́, mówà náà kì í fẹ́ koríko tútù. Á di dẹ́ẹ̀kì pa, á máa tú u sílẹ̀ ní ṣùṣù. Ìṣòro yẹn kò ní kúrò nílẹ̀ tí ẹ bá ra ti mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ohun kan tó kù: bahama tí wọ́n ń gé déédéé ni wọ́n ṣe mówà fún. Ẹ̀ẹ̀kan tó ti dé àyà èèyàn, ẹ má gbé e wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́rọ èjìká ló ni ìyẹn, tàbí àdá.

Ọ̀gá Pápá, Ìdànrè

Mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i, torí ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ti fẹ́ dájọ́ ikú fún ẹ̀rọ yìí, àwa sì ní in, a kò lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Ilé-ìwé kan ní agbègbè Ìdànrè ni mo wà, èmi ni mo ń bójú tó pápá ìṣeré. Pápá bọ́ọ̀lù méjì àti àyíká kíláàsì, ó lé ní éékà márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ló ń fi àdá gé e ní àsìkò lébọ̀, títí ọmọ kan fi ṣá ọmọ kejì lọ́wọ́. Ẹni tó ni ilé-ìwé ní kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ló bá ra tòkunbọ̀. Ẹnì kan ń fi àárọ̀ Sátidé gé gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tó tẹ́jú, wọn kì í fi ẹsẹ̀ gbá ihò, ejò sì ti dín kù. Iye wo lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣírò?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe kó tó dé. A hú gbogbo kùkùté. A ṣa òkúta títí, a da yẹ̀pẹ̀ dí ihò, a jẹ́ kí òjò kan rọ̀ sí i kó lè jókòó. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ilé rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin, torí eku fẹ́ràn wáyà rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gùn ún. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ jókòó lé itan rẹ̀, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́. Kí ó tó gé ẹyọ ewé kan, ó ti rìn yí pápá ká ṣa ìgò àti irin, nítorí òkúta tí abẹ bá ta lè fọ́ ojú èèyàn. Ní oṣù kọkànlá, tí òjò bá ti lọ, a ó fa epo inú rẹ̀ jáde, torí epo tó bá sùn sínú kábúrétọ̀ láti ìgbà yẹn dé oṣù kẹrin á dì mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù. A ó yọ bátìrì, a ó máa gba iná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún lu táyà iwájú títí tí fọkanáísà fi fi túúbù sí méjèèjì, àtìgbà yẹn ó dákẹ́.

Ìyá wa, pẹ̀lú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe, èmi náà kò ní ní kẹ́ ẹ rà á lọ́dún yìí. Bí gbogbo éékà méjì àbọ̀ bá tẹ́jú, mo lè bá akáńtì jà. Tàbí kẹ̀, ẹ ti rò ó láti máa fi gba iṣẹ́? Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wà ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká, àwọn ìjọ tó ní ilẹ̀ ńlá náà wà. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọdún mẹ́jọ yẹn á wálẹ̀ gan-an.

Mẹkáníìkì Yaba, Oǹdó

Ọ̀gá Pápá, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ìtọ́jú ni mo gbà, bí gbogbo èèyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ mi ò ní ríṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ ni mi ò gbà. Ilẹ̀ tí ẹ kò mọ òkúta inú rẹ̀ ló ń ba mówà jẹ́. Ẹ ó tún wá ọkọ̀ tí yóò gbé e kiri àdúgbò, ìyá kò sì ní lè máa tẹ̀ lé e lọ síbi gbogbo. Ẹni tó bá gùn ún lọ gbaṣẹ́ kò ní dúró ṣa ìgò lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Akáńtì, ₦160,000 yín dára fún ọdún tí kò bá sí kùkùté. Ọdún tí ilé bẹ̀áríǹgì bá sán, ẹ fi nǹkan kún un.

Ìyá Ọgbà, Ọ̀bá-Ilé

Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Mo padà lọ síbi tòkunbọ̀ yẹn, mo mú àkọ́bí mi dání. A ṣe é gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ṣe wí. Nígbà tí ọmọ mi gbé ìdí sókè lórí ìjókòó, ẹ́ńjìnnì kò kú. Abẹ ń yí lọ ràì. Ọkùnrin tó ń tà á ní àwọn dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó má baà máa kú mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a bọ́ sí mọ́tò wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ wo irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná, ẹ má jẹ́ kí kíkùn tí wọ́n kun ara rẹ̀ fà yín mọ́ra.

A na okùn sí gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn náà. Lápá odò, ó kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Èmi kò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ gun orí ẹ̀rọ lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, n kò ra èyí tí à ń gùn. Mówà tí à ń tì ni mo máa rà, irú èyí tí táyà rẹ̀ ń fa ara rẹ̀ lọ, íǹṣì 21, tuntun ni, ₦480,000 ni wọ́n fẹ́ gbà. Éékà kan iwájú yẹn ni máa lò ó fún, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nígbà òjò, kó má tilẹ̀ ráyè ga débi tí èèmọ́ á fi so. Tí òjò bá wá rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, koríko tí wọ́n gé lọ́jọ́ Ajé kò lè tíì dójú ti ẹnikẹ́ni. Mo ti bá bàbá sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló máa máa ti mówà náà, a ti fẹnu kò sí iye tí máa fún un lọ́sẹ̀. Bàbá á máa fi ẹ̀rọ èjìká gé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí ibẹ̀ kò nílò ju kí ejò má ríbi sá pamọ́ sí. Inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn.

Àbúrò ọkọ mi fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ó ní òun ti múra tán láti san ìdajì. Mo ní kó fi rán mi lọ́wọ́ láti fi hú kùkùté, kí a sì tẹ́ ibi tó tẹ̀ lé kánópì, nǹkan bí ìdajì éékà tí kò dagun púpọ̀, kí a gbin bahama sí i nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti mú koríko dáadáa, tí pápá tó tẹ́jú sì pọ̀ sí i, máa tún béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ọ̀bá-Ilé tàbí ọ̀nà Ìjù, ta lẹ mọ̀ tó ní kátapílà tó lè hú kùkùté ọ̀pẹ tegbò-tegbò, tí kò ní gé e lórí kó fi ìyókù sílẹ̀ nínú ilẹ̀? Kí oṣù kẹrin tó wọlé ni mo fẹ́ ẹ.